Màmá mi ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, ara wọn wá ń gbóná: ṣé ibà ni àbí kí ni?

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (Ọjọ́rú, 11:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ò lè dúró dàárọ̀ ni mo ṣe ń yọ yín lẹ́nu. Màmá mi, ẹni ọdún 54, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn kan (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn) fún wọn, òní ló pé ọjọ́ 19. Onírin ni wọ́n fi sí i, tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ báyìí, èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì máa ń gbọ́ ọ, kì kì kì, bí aago ọwọ́ tí èèyàn gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí.

Títí di ìjẹta nǹkan ń lọ dáadáa, wọ́n ti ń rìn dé ẹnu géètì, wọ́n tiẹ̀ ti ń bínú sí wa pé ta ló ń bá àwọn wo ọjà. Àná ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, a ní oòrùn ni. Lálẹ́ yìí tẹmómítà ka 38.4. Wọ́n ní tí àwọn bá mí kanlẹ̀ àyà ń gún àwọn bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, àmọ́ tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ ó máa ń rọlẹ̀. Bọ̀dá wọn wá láti Òjé, wọ́n ní ibà lásán ni, wọ́n gbé ìgò àgbo kan wá, òun ló wà lójú fèrèsé yìí. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn níwájú ilé wa náà ti di oògùn ibà àti antibáyọ́tíkì sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, ó ní kí wọ́n lò ó pa pọ̀, tí àyà bá ṣì ń dùn kí wọ́n fi ibuprofen kún un.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé nígbà tí wọ́n wà ní áísíyù (yàrá ìtọ́jú àkànṣe ní ọsibítù), ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara wọn gbóná báyìí náà, dókítà ò tiẹ̀ mì, ó ní bí ara ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣé bákan náà lèyí, kí n fún wọn ní oògùn kí gbogbo wa sùn?

NọọsìÒruMọ́jú (11:50 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi nǹkankan inú náílọ́ọ̀nù yẹn kan màmá lẹ́nu, àgbo náà, ẹ jẹ́ kó wà lójú fèrèsé tó wà.

Áísíyù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti rí àwọn aláìsàn báyìí o. Ooru ọjọ́ kejì àti ooru ọjọ́ 19, orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra. Ti ọjọ́ kejì, a máa ń retí ẹ̀ ni, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìyà ńlá. Èyí tó wá dé nílé lẹ́yìn tí ara ti tutù, lára ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá, èyíinì ò lórúkọ àfi tí wọ́n bá wò ó.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ojú ọgbẹ́ àyà ńkọ́, ṣé ó ń sun omi, ṣé ó pọ́n? Tí wọ́n bá wúkọ́ ṣé egungun àyà ń ta kó? Ṣé wọ́n ń mí pẹ̀lú làálàá? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe INR kẹ́yìn, àyẹ̀wò bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ wọn tó dì? Kí ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀, nísinsìnyí.

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (11:58 alẹ́)

Ojú ọgbẹ́ gbẹ mà, kò pọ́n. Egungun ò dún. Wọ́n ń mí kúkúrú kúkúrú torí pé ó ń gún wọn. INR, ọjọ́ 8 sẹ́yìn ni, 2.9. Mo ti pe nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dún, ẹnì kan ò gbé e. Bọ̀dá ní kí n yé dá ara mi láàmú, pé ṣé n ò rí ẹ̀fọn tó wà ní Ìwó Road ni.

NọọsìÒruMọ́jú (12:04 òru)

Ẹ̀fọn wà lóòótọ́, mi ò sọ pé kí wọ́n má wo ibà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí wọn lára gan-an lè gbé ibà wá. Wíwò ni mo ní, ẹ má fi àbá ṣe é.

Antibáyọ́tíkì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí kòkòrò bá ti lọ so mọ́ fáàfù tuntun, ọ̀nà tí dókítà fi ń mọ̀ ni pé kó gba ẹ̀jẹ̀ níbi mélòó kan, kó gbìn ín sínú ìgò, kó máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní kápúsù méjì mẹ́ta kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kòkòrò á lúgọ, ìgò á mọ́ tónítóní, gbogbo yín á jó wálé, ohun tó wà lára fáàfù á wá máa jẹ ẹ́ lọ. Mo ti rí i. Ó burú.

Nọ́ńbà tí wọn ò gbé, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa lọ sí ẹmájẹ́ńsì. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò ni kẹ́ ẹ kó dání, pẹ̀lú páálí ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọlé tán ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́: fáàfù, ọjọ́ 19, wọ́fárìnì (oògùn tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sára fáàfù).

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (12:09 òru)

Aládùúgbò wa tó ń fi Máíkírà ṣiṣẹ́ ti jí, a ń lọ. Màmá ní àfi kí àwọn wá gèlè kọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ẹ bá mi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn gan-an, n ó máa kà á lọ́nà, tí n ò bá rí nǹkan kà màá kàn máa sunkún ni.

Báyọ̀_Pọ́ńpù (12:22 òru)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo máa ń dúró tì, torí náà ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́.

Látọjọ́ tí wọ́n ti bí màmá, inú iṣan tiwọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn mọ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ a ní kó jáde, kó gba inú rọ́bà gígùn, kó dé ibi tí a ti ń fún un ní atẹ́gùn, kó tún padà wọlé, wákàtí kan, méjì, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé ìwòsàn là ń ṣe, àlejò ni wọ́n rí, wọ́n fọn fèrè. Fèrè yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní cytokine, IL-6 àti IL-8 wà lára ẹ̀. Bí fèrè ṣe ń dún ni sẹ́ẹ̀lì funfun á máa tú jáde, wọ́n á máa tu oró síbi tó yẹ àti síbi tí ò yẹ, iṣan kéékèèké á wá máa jò, ìdí tí ojú aláìsàn fi máa ń wú lọ́jọ́ kìíní nìyẹn títí tí ọmọ ẹ̀ á fi ní ṣé ìyá òun lèyí.

Ìyẹn nìkan kọ́. A máa di òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá pa kí ọkàn lè dúró jẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń rán an. Gbogbo àkókò yẹn ọkàn ò rí ẹ̀jẹ̀ jẹ. Tí a bá wá tú u, tí ẹ̀jẹ̀ ya wọ̀ ọ́ padà, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ wá gbà á là yẹn náà tún máa ń ṣe é léṣe. Ó dà bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ wá gbé òkìtì àmàlà lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Prótámìn tí a fi ń pa agbára hẹ́párìn (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ) náà lè bí ara nínú. Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀rọ ló fa gbogbo ẹ̀, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣe fún láìlo ẹ̀rọ, ara tiwọn náà ń gbóná, ayùn tí wọ́n fi la egungun àyà nìkan tó ìyà jẹ ara.

Ọdún 1953 ni John Gibbon lo ẹ̀rọ yìí yege lára èèyàn ní Amẹ́ríkà, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, 1974. Látìgbà yẹn, a ò tíì rí rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ á gbà pé ọmọ ilé ni. Wọ́n ń fi hẹ́párìn ra inú ẹ̀ báyìí, ó ń dín in kù, kò pa á tán.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀: iná yẹn máa ń jó ó sì máa ń kú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CRP tó ń fi bí iná yẹn ṣe pọ̀ tó hàn, ó máa ń gòkè títí dé bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn náà á máa sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá rí i lókè lọ́jọ́ kẹta tó ń pariwo kòkòrò, kó rọra. Àmọ́ èyí tó ti wálẹ̀ tó wá padà gòkè, tàbí ara tó ti tutù tó tún gbóná bíi ti màmá yìí, iná míì ni wọ́n dá.

(Fáàfù yẹn kì í ṣe irin o, kábọ́ọ̀nù ni ìlẹ̀kùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìbàdàn ń pè é ní irin, èmi náà ti gbà.)

Alhaja_Mọ́kọ́lá (12:40 òru)

Ọlọ́run á bá wa wo màmá. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kó má dà bíi pé tiyín nìkan ni. Ọkọ mi ṣe ti iṣan ọkàn ní 2019. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ewúrẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ewúrẹ́ dúdú méjì, wọ́n ní kí n lé wọn kúrò kí wọ́n má jẹ wáyà. Mo ń wolẹ̀ lóòótọ́ o! Àwọn ẹbí ní ayé ti dé. Lọ́jọ́ kan náà ni ọkàn wọn ń sáré ségesège, maṣíìnì ń han, mo ti ń ka gbogbo dúà tí mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló fà mí sẹ́yìn, ó ní Alhaja, ẹ jẹ́ ká tan iná yàrá, ẹ gbé mẹ́díkà wọn wá, ẹ máa pe orúkọ wọn kẹ́ ẹ máa sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún wọn. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ewúrẹ́ ti lọ.

NọọsìÒruMọ́jú (12:47 òru)

Alhaja, ẹ ò mọ bí ewúrẹ́ yẹn ṣe pọ̀ tó. Ooru inú ara yẹn máa ń dé ọpọlọ, ẹ wá fi àìsùn, oògùn oorun àti ariwo áísíyù kún un. Ọkàn tó ń sáré ségesège náà, tí ẹ bá to èèyàn márùn-ún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, ó kéré tán ọ̀kan á ṣe é, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló sì máa ń pọ̀ jù. Kì í ṣe ayé.

Ohun kan tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́: lẹ́yìn tí àwọn sójà yẹn bá ti jà tán, ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Lymphocyte, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn, á lọ sílẹ̀, ara ò ní lè lé kòkòrò bó ṣe ń lé e tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àdúgbò á dé, èèyàn 15 nínú yàrá kan, ẹni tó ń sín á gbá wọn mọ́ra. Tí mo bá ní kí wọ́n jáde wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ_UI_300L (1:05 òru)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kékeré. Tó bá jẹ́ pé ara tó ń bínú ló ń fa gbogbo wàhálà yìí, kí ló dé tí wọn ò kàn fún gbogbo aláìsàn ní stẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń pa ìbínú ara yẹn, kí wọ́n tó là wọ́n?

Báyọ̀_Pọ́ńpù (1:16 òru)

Ìbéèrè gidi ni, àwọn ọ̀gá wa náà bi ara wọn. Wọ́n dán stẹ́rọ́ìdì kan wò ní Nẹ́dálándì, dexamethasone, lára èèyàn 4,494, wọ́n gbé àbájáde jáde ní 2012. Wọ́n tún lo stẹ́rọ́ìdì míì, methylprednisolone, nínú ìdánwò tó kan èèyàn 7,507 ní orílẹ̀-èdè 18, 2015 nìyẹn jáde. Fèrè dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iye èèyàn tó ń kú ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ara nílò lára ìbínú yẹn láti fi wo ara ẹ̀ sàn ni mo rò, àmọ́ èrò tèmi nìyẹn o, má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ìyá_Ìbejì_Àpátà (2:20 òru)

Mi ò lè sùn, mo ń dúró de ọmọ yìí. Ṣé wọ́n ti débẹ̀?

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (5:36 àárọ̀)

A débẹ̀ ma. Ìjókòó ni a bá àárọ̀ o. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí wa fẹ́ kọ oògùn ibà, mo ní "fáàfù, ọjọ́ 19, wọ́fárìnì" bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, ló bá gbé bírò sílẹ̀, ló bá lọ pe ẹlòmíì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún padà. Ibà: kò sí. INR: 3.9. Wọ́n fi ẹ́kò (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn) wo ọkàn, wọ́n ní fáàfù ń ṣí ń pa dáadáa, ohunkóhun ò so mọ́ ọn, àmọ́ omi díẹ̀ wà nínú àpò tó yí ọkàn ká. Dókítà gbé nǹkan sí wọn láyà, ó ní ó ń dún bí ẹni tó ń fi awọ pa awọ. Wọ́n ti dá wọn dúró. Omi kí nìyẹn ẹ jọ̀ọ́?

Kẹ́míìsì_Challenge (6:02 àárọ̀)

INR 3.9! Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò fún wọn ní ibuprofen yẹn. Èmi náà ń ta oògùn, n ò ní bú iṣẹ́ mi, àmọ́ ẹni tó ń lo wọ́fárìnì kì í ṣe ẹni tí à ń di náílọ́ọ̀nù fún láìbèèrè. Ibuprofen àti wọ́fárìnì, inú ló máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn antibáyọ́tíkì kan, metronidazole fún àpẹẹrẹ, á gbé INR sókè bí ẹyẹ. Àgbo náà, ta ló mọ ìwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀? Ẹ má sì wá ní kí màmá má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ o, kí wọ́n máa jẹ ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni, kó má jẹ́ òní ewédú abọ́ kan, ọ̀la òdo.

Baba_Alágbo_Bẹẹrẹ (6:30 àárọ̀)

Ó ti tó. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń rí àgbo bú. Kí wọ́n tó kó rọ́bà wọ inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kí ni àwọn baba yín ń mu?

Ọmọ_UI_300L (6:33 àárọ̀)

Baba, ta ló ń pààrọ̀ fáàfù nígbà náà?

NọọsìÒruMọ́jú (7:20 àárọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́)

Ẹ fi Baba sílẹ̀ jàre. Ọmọ mi, omi yẹn, bí mo ṣe gbọ́ ọ láti ibí, ó jọ ohun tí wọ́n ń pè ní post-pericardiotomy syndrome, àmọ́ dókítà tó wà níwájú yín ló máa sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n la àpò ọkàn, wọ́n dá egbò sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹfà báyìí, àwọn sójà ara tí wọ́n ti lọ sinmi á padà wá, wọ́n á dojú kọ àpò yẹn fúnra ẹ̀ bí ọ̀tá. Á wú, á sun omi, awọ á máa ha awọ, òun lẹ ń gbọ́. Ooru ara á dé, àyà á máa gún èèyàn tó bá mí kanlẹ̀, tó bá tẹ̀ síwájú á rọlẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lálẹ́ àná nìyẹn, mi ò fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn kẹ́ ẹ má baà tìtorí ẹ̀ jókòó sílé. Kò wọ́n, a máa ń rí i dáadáa. Kì í sábà pa èèyàn, àmọ́ lára ẹni tí INR ẹ̀ ga, omi lè di ẹ̀jẹ̀, kó fún ọkàn mọ́. Ìdí tí wọ́n fi dá wọn dúró nìyẹn, wọ́n á tún ẹ́kò yẹn ṣe.

Ẹ ṣì dúró de àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ yẹn o. Ọjọ́ márùn-ún ni.

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (Ọjọ́bọ̀, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí dókítà àgbà sọ náà nìyẹn mà, orúkọ gígùn yẹn. Ó tún bi màmá pé nígbà èwe ṣé orúnkún wọn máa ń wú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé orúnkún ń wú, ó máa ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, wọ́n máa ń gbé àwọn pọ̀n lọ sílé ìwé. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Kí ló kan orúnkún?

NọọsìÒruMọ́jú (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Orúnkún yẹn ni ìyá fáàfù. Ọ̀fun ló máa ń kọ́kọ́ dun ọmọ, kòkòrò streptococcus, wọ́n á ní ó jẹ ṣúgà jù. Àwọn sójà ara á pa kòkòrò, àmọ́ wọ́n á ṣi fáàfù ọkàn mú, torí ó jọ kòkòrò yẹn lójú wọn. Orúnkún á sàn, fáàfù á máa gbó lábẹ́lẹ̀ fún 20, 30 ọdún. Torí náà ará ilé kan náà ti kọ lu ọkàn ìyá yín lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọ̀fun bá ń dun àwọn ọmọ yín, ẹ gbé wọn lọ kí wọ́n wò ó.

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, 2:30 ọ̀sán)

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkankan ò hù níbẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ́kò kejì, omi ti dín kù. Wọ́n fo wọ́fárìnì fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó padà sí i, INR ti di 2.8. Oògùn tí wọ́n fún wọn fún wíwú àpò ọkàn yẹn ni colchicine, ọjọ́ kẹta ara ti tutù, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n yàgbẹ́ gbuuru díẹ̀, màmá ní àwọn yóò kúkú fara dà á. Wọ́n dá wa sílẹ̀ láàárọ̀.

Kẹ́míìsì_Challenge (2:41 ọ̀sán)

Ọpẹ́ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún wọn ní clarithromycin, antibáyọ́tíkì kan, tí wọ́n ṣì wà lórí colchicine, ẹ sọ fún un pé rárá. Àwọn méjèèjì ò gbọ́dọ̀ pàdé.

Baba_Alágbo_Bẹẹrẹ (2:58 ọ̀sán)

Mo lọ wo colchicine yín lórí Google. Ewéko ni! Ara ewéko ni wọ́n ti fà á yọ! Kí ni mo sọ?

Kẹ́míìsì_Challenge (3:04 ọ̀sán)

Baba, òótọ́ lẹ sọ, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ìdajì mílígírámù ni wọ́n wọ̀n sínú hóró kan, tó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù májèlé ni. Ẹ wọn tiyín náà wá, màá bá yín tò ó sórí káńtà.

Alhaja_Mọ́kọ́lá (3:10 ọ̀sán)

Ìgò ojú fèrèsé yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ_Ẹlẹ́lùbọ́ (3:22 ọ̀sán)

Bọ̀dá ti wá gbé e. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn.

Màmá ti ń pe Bódìjà lórí fóònù láti ìgbà tá a ti wọlé, wọ́n ń bèèrè iye tí kóńgò èlùbọ́ jẹ́.